Wíwọn Ìsàlẹ̀ Òkun: Bí A Ṣe Ń Ya Òǹkà Òtítọ́ Sọ́tọ̀ Kúrò Lára Òǹkà Èké

  Àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí a kọ ẹ̀kọ́ kan tí tọmọdé tàgbà lè rí nǹkan mú lò níbẹ̀. A ì bá ti mú ọ̀kan nínú àwọn ìwàásù wa wá, ṣùgbọ́n a yàn láti padà sí kíláàsì Jọ́gíráfì, nítorí gbèsè kan wà tí a jẹ níbẹ̀ tí a kò tíì san tán.

Ọjọ́ tí a wọn odò Ògbèsè

Ní nǹkan bí ọdún 1975, nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹta, olùkọ́ wa kó wa lọ sí etí odò Ògbèsè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi ńlá kan wà tí àwọn àgbẹ̀ gbé dábùú odò náà láti máa gbà kọjá lọ sí oko. Olùkọ́ ní kí a mú ọparun gígùn kan tí a ti fi ọ̀bẹ sàmì ẹsẹ̀ bàtà sí lára, kí a máa kì í bọ omi láti orí igi náà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a sì máa kọ iye tí omi jìn sílẹ̀. Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ni a di ìwé àti pẹ́ńsùlù mú. Òǹkà mọ́kànlá ni a kọ: 2, 2, 3, 3, 5, 3, 3, 9, 3, 2, 2.

Nígbà tí a padà dé kíláàsì láti ya àwòrán ìsàlẹ̀ odò náà, 5 àti 9 kò bá àwọn yòókù mu. Ẹni tó wọn 5 jẹ́wọ́ pé omi gbá ìdí ọparun náà sí ẹ̀gbẹ́, kò sì dúró ṣánṣán. A rẹ́rìn-ín, a pa 5 rẹ́, a fi 3 rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ó kan 9, a ní irú àṣìṣe kan náà ni. Ọmọ tó wọ̀n ọ́n búra pé òun di ọparun mú ṣánṣán, ṣùgbọ́n ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ariwo wa sì bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwa ni a fi ọwọ́ ara wa pa 9 rẹ́. Àwòrán wa dára lójú, ìsàlẹ̀ odò tẹ́jú bí ọpọ́n, a sì kàn án mọ́ ògiri.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí fìlà ọ̀kan nínú wa já bọ́ sínú omi níbi tí ó ti ń gba orí igi yẹn kọjá. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wo àwòrán wa; ó gbà pé omi kò lè ju ìbàdí òun lọ. Ó sọ̀kalẹ̀. Ibi tí a ti pa 9 rẹ́ gan-an ni ó fi ẹsẹ̀ lé, omi sì bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Bàbá àgbẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀ ló na igi sí i, tó sì fà á jáde. Bí kò bá ṣe bàbá yẹn ni, ìtàn mìíràn ni à bá máa sọ lónìí. Kòtò kan wà láàárín àpáta níbẹ̀, tí omi ti gbẹ́ láti ọdún gbọọrọ. Ọparun ti rí i. Ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn ti sọ ọ́. Àwa ni a kò gbà.

Olùkọ́ wa kò nà wá. Ohun tó bi wá kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: “Ta ló sọ fún ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí pé odò máa ń dìbò?”

Láti orí okùn dé orí ìró

Wíwọn omi kì í ṣe iṣẹ́ òní. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27, a kà nípa ọkọ̀ tó ń gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù. Ìjì ti ń gbá a kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀gànjọ́ òru, àwọn atukọ̀ fura pé ilẹ̀ ti sún mọ́ tòsí. Wọ́n wọn omi, ó jìn ní ìnà-apá 20, ìyẹn ni pé ìnà-apá kan jẹ́ ìwọ̀n apá méjèèjì ọkùnrin tó na apá rẹ̀ gbọọrọ, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Wọ́n sún síwájú díẹ̀, wọ́n tún un wọ̀n, ó di 15. Nígbà náà ni wọ́n ju ìdákọ̀ró mẹ́rin sílẹ̀ kí ọkọ̀ má baà forí sọ àpáta, wọ́n sì ń retí kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Òǹkà kìíní sọ ibi tí wọ́n wà. Òǹkà kejì ló jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ̀mí 276 ló wà nínú ọkọ̀ yẹn.

Okùn tí a so òjé mọ́ nídìí ni aráyé fi ń wọn òkun títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Wọ́n a máa fi ọ̀rá sí ìdí òjé náà kí ó lè mú iyanrìn tàbí ẹrẹ̀ bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ náà le, ó sì falẹ̀. Ọkọ̀ Challenger ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rin òkun káàkiri láti 1872 títí di 1876, síbẹ̀ ibi jíjìn tó rí wọ̀n kò tó 500. Ṣùgbọ́n láti 1925 sí 1927, ọkọ̀ Meteor ti ilẹ̀ Jámánì fi ìró wọn gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì dípò okùn, òǹkà tó kó bọ̀ sì ju 60,000 lọ.

Báwo ni ìró ṣe ń wọn omi? Ẹni tó bá dúró jìnnà díẹ̀ sí àpáta ńlá, tó sì kígbe, yóò gbọ́ kí ohùn òun padà sí òun. Bí àpáta bá ṣe jìnnà tó ni ohùn yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó padà. Báyìí náà ni ẹ̀rọ abẹ́ ọkọ̀ ṣe ń rán ìró lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, tí ó sì ń ka àkókò tí gbohùngbohùn rẹ̀ fi dé. Nínú omi òkun, ìró ń rin nǹkan bí mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí gbohùngbohùn bá lo ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó padà, mítà 30 ni ó ti rìn ní àlọ àti àbọ̀. Omi náà sì jìn ní mítà 15. Lónìí, ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè rán ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìró jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì ọkọ̀, kí ó sì kó àràádọ́ta ọ̀kẹ́ òǹkà jọ láàárín ọjọ́ kan. Kò sí ọmọ ènìyàn tó lè fi ojú yẹ gbogbo rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí a fi nílò asẹ́.

Kí ló kan ará Èkìtì nínú èyí?

Ẹnìkan lè ní, “Àwa ará orí òkè, kí ló kàn wá nínú òkun?” Ó kàn wá púpọ̀. Láyé àtijọ́, òkìtì iyanrìn tó dábùú ẹnu ọ̀sà Èkó kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá láti òkè òkun wọlé. Èrò àti ẹrù ní láti sọ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, nígbà mìíràn ní Forcados, kí wọ́n tó lè dé Èkó. Iyanrìn náà kì í sì í dúró lójú kan. Ibi tó jìn lónìí lè di òkìtì lọ́la. Ní 1908 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí odi òkúta tí wọ́n mọ wọ inú òkun láti la ọ̀nà fún ọkọ̀. Lónìí, èbúté Lẹ́kì, tí wọ́n ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2023, jìn tó mítà 16.5. Ní 2021, Iléeṣẹ́ Ológun Ojú Omi ilẹ̀ wa gba ọkọ̀ tuntun kan, NNS Lana, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwọn òkun.

Àlìkámà tó di búrẹ́dì lórí tábìlì wa ní Ìkẹ́rẹ́, ọkọ̀ tí a fi ń náwó nílé ìyàwó ní Ìsẹ̀, oògùn tó wà nílé ìwòsàn ní Èmùré: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gba orí omi wá, orí omi tí ẹnìkan ti wọ̀n, tí ẹlòmíràn sì ti yẹ òǹkà rẹ̀ wò kí balógun ọkọ̀ tó gbójú lé e. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

Ibi tí òǹkà èké ti ń wá

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní Èkó jókòó tì wá ní ọjọ́ kan, ó sì fi òǹkà tí wọn kò tíì sẹ́ hàn wá lójú kọ̀ǹpútà. Ó dà bí ìrẹsì Ìgbẹ́mọ tí a kò tíì ṣà: oúnjẹ wà níbẹ̀, òkúta sì wà níbẹ̀. Ó ka àwọn ohun tó ń fa òkúta náà fún wa.

Èkíní ni ẹja. Bí ọ̀wọ́ ẹja bá gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, ìró lè padà láti ara wọn, ẹ̀rọ yóò sì rò pé ilẹ̀ ni òun kàn.

Èkejì ni ìfóòfó. Nígbà tí òkun bá ń ru, afẹ́fẹ́ a máa wọ abẹ́ ọkọ̀, a sì máa dí ìró lọ́nà. Òǹkà tó bá jáde nígbà náà kì í ní orí, kì í ní ìdí.

Ẹ̀kẹta ni gbohùngbohùn ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ìró kan ilẹ̀, ó padà sókè, ó forí gbá ojú omi, ó tún sọ̀kalẹ̀, ó sì tún padà. Bí ẹ̀rọ bá ka ìpadàbọ̀ kejì yìí, yóò sọ pé omi jìn ní ìlọ́po méjì bí ó ti yẹ.

Ẹ̀kẹrin ni mímì ọkọ̀. Ìró tí a rò pé ó lọ sísàlẹ̀ ṣánṣán ti gba ẹ̀gbẹ́ lọ, gẹ́gẹ́ bí ọparun tó wọ́ nínú odò Ògbèsè.

Ẹ̀karùn-ún ni ariwo ẹ̀rọ, yálà ti ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ tàbí ti ọkọ̀ mìíràn tó wà nítòsí.

Asẹ́ méjì, pẹ̀lú àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò tí ọmọ kíláàsì kìíní lè bá wa ṣe. Ká sọ pé ẹ̀rọ kọ òǹkà méje yìí sílẹ̀, ní mítà: 14.2, 14.3, 14.1, 28.5, 14.4, 14.2, 14.3.

Asẹ́ kìíní tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ìpíndọ́gba. Bí a bá ro gbogbo wọn pọ̀, a ó rí 114. Bí a bá pín in sí ọ̀nà méje, a ó rí nǹkan bí 16.3. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: kò sí ojúkò kan níbẹ̀ tí omi ti jìn ní mítà 16.3. Òǹkà èké kan ṣoṣo ti kó èèràn ran mẹ́fà tó jẹ́ òtítọ́. Balógun ọkọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ nílò mítà 15 yóò wo 16.3, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀, yóò sì wakọ̀ rẹ̀ lọ gúnlẹ̀.

Asẹ́ kejì ni òǹkà àárín. Ẹ tò wọ́n bí a ti máa ń to àwọn ọmọ sórí ìlà ní òwúrọ̀, láti orí ẹni tó kúrú jù dé orí ẹni tó ga jù: 14.1, 14.2, 14.2, 14.3, 14.3, 14.4, 28.5. Ẹ mú ẹni tó wà láàárín gan-an: 14.3 ni. Òǹkà èké wà ní ìparí ìlà, kò sì lè fa àárín sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹ tún wò ó pé 28.5 jẹ́ ìlọ́po méjì 14.25. Gbohùngbohùn ẹlẹ́ẹ̀kejì ni. A mọ ohun tó bí i. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ wa láti yọ ọ́ kúrò.

Ẹnìkan yóò wí pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí. Ẹ wo ìlà kejì: 14.3, 14.2, 14.4, 9.6, 14.2, 14.3, 14.1. Bí a bá tò wọ́n, òǹkà àárín jẹ́ 14.2. Asẹ́ kan náà tó gbà wá lọ́wọ́ 28.5 ti gbé 9.6 sọnù láìbèèrè ohunkóhun. Ó lè jẹ́ ẹja ni 9.6. Ó sì lè jẹ́ ọkọ̀ tó ti rì, tí òpó rẹ̀ nàró lábẹ́ omi. Bí ó bá jẹ́ ẹja, a kò pàdánù nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ òpó ọkọ̀, 9 tí a pa rẹ́ ní Ògbèsè ni a tún pa rẹ́ yìí.

Asẹ́ tó gbé Olósùnta sọnù

Ẹ fojú inú wò ó pé ẹnìkan ń wọn gíga ilẹ̀ bọ̀ láti Èmùré wá sí Ìkẹ́rẹ́, tí a sì pa á láṣẹ pé kí ó yọ gbogbo òǹkà tí kò bá jọ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí yóò fi dé ẹsẹ̀ Olósùnta. Lójijì, òǹkà yóò fò sókè. “Àṣìṣe ni èyí,” ni yóò wí, yóò sì yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fún Òrólè. Nígbà tí ó bá parí, máàpù rẹ̀ yóò tẹ́jú, yóò sì mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bí ní Ìkẹ́rẹ́ kò ní mọ̀ pé ìlú òun ni. Lórí ilẹ̀, a ó fi máàpù bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rín. Lórí òkun, Olósùnta abẹ́ omi ni í fọ́ ọkọ̀.

Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe fi òfin dè é. A rí mẹ́rin tí ó ṣe kókó.

Èkíní, a kì í pa òǹkà rẹ́. Àmì ni a ń fi sí i pé a kò tíì gbà á, a ó sì tọ́jú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ bí ó ti rí, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè tún un gbé yẹ̀ wò. Ká ní a ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì kẹta ni, 9 ì bá wà lórí ògiri pẹ̀lú àmì ìbéèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ yẹn ì bá sì ti rí i.

Èkejì, àṣìṣe méjèèjì kò rí bákan náà. Bí a bá sọ pé omi kò jìn níbi tí ó ti jìn, ọkọ̀ yóò yà fún un, epo díẹ̀ yóò sì ṣòfò. Bí a bá sọ pé ó jìn níbi tí kò ti jìn, ẹ̀mí lè ṣòfò. Nítorí náà, òǹkà tó bá kìlọ̀ ewu fún ọkọ̀ kì í kúrò nílẹ̀ láìjẹ́ pé a rí ẹ̀rí lòdì sí i.

Ẹ̀kẹta, a gbọ́dọ̀ pe ẹlẹ́rìí. Ǹjẹ́ ìró tó tẹ̀lé e rí ohun kan náà? Nígbà tí ọkọ̀ tún gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ padà, ǹjẹ́ ó ṣì wà níbẹ̀? Ẹja yóò ti lọ. Àpáta kì í rìn. Òfin Mósè pẹ̀lú kò gbà kí á dá ènìyàn lẹ́bi nítorí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, àwọn baba wa sì ń pe ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá ní òṣìkà.

Ẹ̀kẹrin, a ń wọn ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan kí á tó gba ẹ̀rí rẹ̀. Ní 2003, Brian Calder àti Larry Mayer ní Yunifásítì New Hampshire ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà ìṣirò kan jáde tí wọ́n pè ní CUBE. Nínú rẹ̀, òǹkà kọ̀ọ̀kan ń mú ìwọ̀n bí a ti lè gbẹ́kẹ̀ lé e tó wá pẹ̀lú. Bí àwọn kan bá ń sọ 14, tí àwọn mìíràn ń sọ 9, kọ̀ǹpútà kò ní po méjèèjì pọ̀ láti fi ṣe nǹkan bí 12 tí kò sí níbì kankan. Yóò gbé èrò méjèèjì kalẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò mú èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù síwájú, yóò sì tọ́ka sí ibi tí iyèméjì wà kí ènìyàn lè wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni láti dín iṣẹ́ ènìyàn kù. Kò gba ìdájọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo ẹlẹ́rìí bá jọ ṣìnà

Ohun kan wà tí asẹ́ kò lè rí rárá. A ti sọ pé ìró ń rin nǹkan bí mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ó ń yára sí i nínú omi tó gbóná àti èyí tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì ń falẹ̀ nínú omi tútù àti omi odò. Nígbà òjò, omi odò wa gbogbo ń ṣàn lọ sí gúúsù, títí kan èyí tó ti abẹ́ igi wa kọjá ní Ògbèsè. Nígbà tí omi odò bá sì dé etíkun, ó máa ń tẹ́ sórí omi iyọ̀ kí wọ́n tó dàpọ̀. Bí ẹni tó ń wọn òkun kò bá kọ́kọ́ wọn irú omi tó wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ìró rẹ̀ yóò tẹ̀ kọ́rọ́, ilẹ̀ tó tẹ́jú yóò sì yọ sí i bí àwo tó kọ etí sókè. Bákan náà, bí kò bá ka kíkún àti fífà omi òkun sí, gbogbo òǹkà rẹ̀ yóò yẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí ewu ibẹ̀. Nínú irú àṣìṣe yìí, òǹkà gbogbo fohùn ṣọ̀kan. Kò sí èyí tó yàtọ̀ sí aládùúgbò rẹ̀. Asẹ́ yóò yìn wọ́n, nítorí ẹnu kan ni wọ́n ti kọ́ irọ́ náà. Èyí rán wa létí ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 22, níbi tí bí irinwó wòlíì ti fi ohùn kan sọ fún Áhábù pé kí ó gòkè lọ sógun, tí Míkáyà nìkan sì sọ ohun mìíràn. Bí ó bá jẹ́ ti ìdìbò ni, Míkáyà ni òǹkà èké. Ọba gòkè lọ, kò sì padà láàyè.

Oògùn tí àwọn awọ̀nkun ń lò fún èyí ni kí ọkọ̀ náà rin ìrìn mìíràn tó dábùú gbogbo ìlà tó ti kọ́kọ́ gbà. Bí ó bá dé oríta tí ìlà ìṣáájú àti ìlà ìdábùú ti pàdé, tí òǹkà méjèèjì kò sì bára mu, yóò mọ̀ pé àṣìṣe wà níbi tí gbogbo ẹlẹ́rìí ti ń mu omi. Ẹlẹ́rìí tó wá láti ọ̀nà mìíràn níye lórí ju ẹgbẹ̀rún tó jọ wá láti ojú ọ̀nà kan náà lọ.

Ohun tí ayé ti rí

Àpẹẹrẹ mẹ́ta péré ni a ó mú wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Fún ọdún gbọọrọ ni àwòrán erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Sandy Island fi wà lórí máàpù, láàárín Australia àti New Caledonia. Ní 2012, ọkọ̀ ìwádìí Southern Surveyor ti ilẹ̀ Australia gba ibẹ̀ kọjá. Kò rí erékùṣù. Omi tó jìn ju mítà 1,000 lọ ni ó rí. Ìròyìn àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò ni àwọn máàpù ń dà kọ láti ara wọn.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn onímọ̀ ní etíkun California rí ohun tó dà bí ilẹ̀ láàárín omi, níbi tí wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ kò sí. Èyí tó tún ya wọ́n lẹ́nu ni pé “ilẹ̀” náà ń gòkè lálẹ́, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lójúmọmọ. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni wọ́n mọ̀ pé àìmọye ẹ̀dá alààyè kéékèèké ni, tí wọ́n ń gòkè wá oúnjẹ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ká ní wọ́n ti dà á nù gẹ́gẹ́ bí ìdọ̀tí ni, wọn kì bá tí mọ ọ̀kan nínú iṣẹ́ ìyanu Ẹlẹ́dàá. Ohun tó jẹ́ ariwo fún ẹni tó ń wá ilẹ̀ jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún ẹni tó ń wá ẹja.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1992, ọkọ̀ ńlá Queen Elizabeth 2 fi ìdí gbo àpáta ní etíkun Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Máàpù sọ pé omi ibẹ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 39. Ṣùgbọ́n láti 1939 ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n kẹ́yìn, àpáta náà sì ti fara pamọ́ sáàárín òǹkà kan àti èkejì. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí kankan kò bọ́. Kì í ṣe gbogbo ewu ni a pa rẹ́. Òmíràn wà tí a kò tilẹ̀ wọ̀n rí. Títí di òní, ohun tí a ti fi ẹ̀rọ wọ̀n dáadáa nínú ìsàlẹ̀ òkun àgbáyé kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin àti díẹ̀ lé lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n pè ní Seabed 2030 ti ń lọ láti 2017 kí ó lè pé.

Ìlò rẹ̀ fún wa

Ẹ̀yin òbí, bí ìwé èsì ìdánwò ọmọ yín bá délé, ẹ má ṣe wo ìpíndọ́gba nìkan. Ọmọ tó gba 90 nínú ẹ̀kọ́ kan tó sì gba 20 nínú òmíràn kì í ṣe ọmọ 55. Olósùnta kan wà nínú rẹ̀, kòtò kan sì wà nínú rẹ̀. Méjèèjì ló yẹ kí ẹ mọ̀. Bí ọmọ tó máa ń dákẹ́ bá sì wá sọ ohun kan nílé tó yàtọ̀ sí ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ, nípa ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ọn tàbí ibi tí ẹ̀rù ti ń bà á, ẹ má ṣe pa á rẹ́. Òǹkà tó ń kìlọ̀ ewu ni. Ẹ fi àmì sí i, kí ẹ sì lọ wo ibẹ̀ fúnra yín.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ̀yin náà mọ iye ìròyìn tó ń wọlé sórí fóònù wa lójúmọ́. Kí ìròyìn kan wá láti ọwọ́ ogójì ènìyàn kò sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí ogójì, bí ó bá jẹ́ ẹnu kan ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ. Ẹ bèèrè ìlà ìdábùú: ta ni ó wà níbẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn?

Ní ti àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ àlùfáà, ìjókòó ìgbìmọ̀ ni a ti máa ń rántí Ògbèsè jù. Ní gbogbo ìgbà tí ohùn mẹ́wàá bá wà ní apá kan, tí ohùn ẹnìkan tó jẹ́jẹ́ sì wà ní apá kejì, a máa ń rí ìwé kíláàsì wa lójú ọkàn, pẹ̀lú ìlà tí a fi pẹ́ńsùlù fà sórí 9. A kì í sọ pé ẹni yẹn ló tọ̀nà. Ọmọ tó wọn 5 náà dá wà, ó sì ṣìnà. Ohun tí a ń sọ ni pé, “Ẹ jẹ́ kí a padà lọ wọ̀n ọ́n.” Èyí ni gbèsè tí a ń san.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé tàbí nínú kíláàsì

1. Ẹ wá ìpíndọ́gba àti òǹkà àárín fún òǹkà mọ́kànlá tí a kọ ní odò Ògbèsè. Èwo nínú méjèèjì ni yóò gba ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ là? Bí kò bá sí, kí ló lè gbà á?

2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín 5 àti 9 nínú ìtàn wa? Báwo ni à bá ti ṣe mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà?

3. Kí nìdí tí ìfohùnṣọ̀kan irinwó wòlíì kò fi tó láti fìdí òtítọ́ múlẹ̀?

4. Ta ni Olósùnta inú ilé yín, ẹni tí ẹ ti fẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ kí ó lè bá àwọn yòókù mu?

Kí Ọlọ́run tó mọ ibú òkun láìlo okùn bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó fún àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ní sùúrù, kí ó sì fún àwọn ọmọ wa ní etí tó ń gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́. Àmín.